Ó Le Kú: Ìjà Fílítà ní Òrè

Bí ọ̀kadà bá ti gbó ní Òrè, àwọn kan á ní ká yọ àpótí fílítà rẹ̀ dànù, ká fi fílítà kékeré sẹ́nu kábúrétọ̀, pé yóò sáré sí i. Àwa ò fara mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ á pọ̀ lóòótọ́, ariwo náà á ròkè, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, epo ò ní tó o, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná jù. Ọ̀nà oko kòkó Odígbó ńkọ́? Eruku lásìkò ọyẹ́, ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Eruku tó bá wọlé, pístìnnì ló máa jẹ. Owó ọ̀kadà ló rán ẹlòmíì nínú wa lọ sí yunifásítì. A ò lè fi ẹ́ńjìnnì ta tẹ́tẹ́. Ẹ fi àpótí sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ fílítà inú rẹ̀.