Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ẹ má fọwọ́ bo imú, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi tí mò ń kọ ìwé yìí rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹni tó ń jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló tún lè ṣe é? Mo ra àgbo nínú ọjà wa níbí, ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi mu ún. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá lónìí, á tún yọ lọ́tùn-únla. Ọmọ mi obìnrin ló rí i lára aṣọ mi nígbà tó ń fọṣọ, òun ló fipá mú mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó níná lórí bọ̀ mí nídìí, wọ́n fi wo ìfun mi. Jẹ̀díjẹ̀dí náà ló padà jẹ́. Nígbà tí mo dé ọjà, alágbo mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, mo ti sọ fún yín." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, "Mama, ẹ̀yin kọ́ lẹ mọ̀ ọ́n, oríire lẹ ṣe. Ká ní jẹjẹrẹ ni, bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe máa rí náà nìyẹn."

Obìnrin kan wà tí a jọ ń ta èlùbọ́ ní ìlà kan náà, òun náà pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi mu àgbo. Kó tó dé ọsibítù, jẹjẹrẹ inú ìfun ti ràn dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń tajà láàárín wa.

Kò sí iye ìgbà kan pàtó tó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa yàgbẹ́. Ẹlòmíràn ń lọ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ẹlòmíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ara àwọn méjèèjì sì le. Ohun tí à ń wò ni bí tìrẹ ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀. Bí oníbàárà rẹ tó ń wá lóòjọ́ kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣebí wàá bèèrè rẹ̀. Báyẹn náà ni.

Gbogbo àyípadà kọ́ ló jẹ́ àrùn o. Ààwẹ̀ lè fà á, ìrìn àjò lè fà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú, á tún mú un le. Tramadol àti codeine tí àwọn kan ń lò fún ara ríro a máa ti ìfun pa. Àwa tí a kì í mu omi láti àárọ̀ nítorí pé a ò fẹ́ wọ ṣáláńgá ọjà, tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n wá tí a máa pa á mọ́ra títí a ó fi délé, kí la fẹ́ kí ìgbẹ́ wa ṣe tí kò ní le bí òkúta? Omi, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso máa ń tún irú èyí ṣe láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ yín bá yí padà tó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, yálà ó le ni tàbí ó ń ṣàn, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá di tẹ́ẹ́rẹ́ bí pẹ́ńsùlù tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ bá yà á tán tó ṣì ń ṣe yín bíi pé ó kù, ẹ lọ. Bí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, tí àárẹ̀ mú yín, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, tàbí tí kókó wà nínú ikùn, ẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kankan.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni. Bí inú bá wú, tí ènìyàn ń bì, tí ìgbẹ́ kò jáde, tí isó pàápàá kò jáde, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tàbí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà tó ń rùn burúkú láìjẹ́ pé ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tó ń dà bí omi ìrẹsì, onígbáméjì lè ni: bí ẹ ṣe ń gbé e lọ, ẹ máa fún un ní omi tó mọ́, lítà kan, pẹ̀lú síbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ síbí tíì iyọ̀, kí ojú síbí tẹ́jú dáadáa.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé jẹjẹrẹ yìí kì í yára. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kókó kékeré kan ló kọ́kọ́ máa ń hù sára ìfun, ó lè lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀ kó tó bàjẹ́. Bí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á gé e kúrò, ó tán. Ní 2021, ìgbìmọ̀ dókítà kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọmọ ọdún 45, kì í ṣe 50 mọ́, kódà bí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ẹ ṣáà mọ Pelé, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Brazil. Kòrónà kò jẹ́ kó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní 2020. Nígbà tó wá ṣe é ní 2021, wọ́n bá kókó nínú ìfun rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, àmọ́ àrùn náà ló padà pa á ní December 2022. Owó kọ́ ló wọ́n ọn.

Kí àwọn alágbo inú ẹgbẹ́ wa má bínú sí mi, èmi náà ṣì ń mu àgbo ibà. Ṣùgbọ́n àgbo tó ń gbá inú kò lè sọ ohun tó wà nínú ìfun. Àsunwọ̀n á mú kẹ́ ẹ yàgbẹ́, ẹ ó rò pé ó ti san, kókó á sì jókòó síbi tó wà. Ẹ jọ̀wọ́, bí oníbàárà bá ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́ẹ̀kejì tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ẹ lé e lọ sí ọsibítù.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní owó dà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù kékeré àdúgbò, àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti ti ẹ̀jẹ̀ kò wọ́n tó ẹ̀rọ. Bó bá di dandan, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó. Òfin NHIA ti 2022 ní gbogbo wa ló yẹ kó wà nínú ètò adójútòfò ìlera, ẹ bèèrè ti ìjọba ìpínlẹ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má sọ pé "inú ló ń dùn mí" nìkan. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, iye ìgbà, àti gbogbo àgbo tẹ́ ẹ ti mu. Ìgbẹ́ tí ẹ ń tijú láti dárúkọ, òun náà ni wọ́n ń gbọ́ látàárọ̀.

Ó ku ti ṣáláńgá wa. Ilẹ̀kùn méjì ti já, kò sì sí omi níbẹ̀. Èmi á gbé e síwájú Ìyálọ́jà ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí àwọn olórí ìsọ̀ mú iye tí ìlà wọn lè dá wá.