Fọ́tò Ẹbí Lókè Òkun: Ta Ni A Ń Yà Á Fún?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má padà sílé. Ṣùgbọ́n kí ni onílé ń mú bọ̀ láti àjò? Láyé àtijọ́, aṣọ, bàtà àti ìròyìn ni. Lóde òní, fọ́tò ti di ọ̀kan pàtàkì nínú ẹrù arìnrìn-àjò. Bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ tí wọ́n lọ kí ẹbí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù á wá onífọ́tò tí iṣẹ́ rẹ̀ dántọ́, wọ́n á san owó gidi, wọ́n á sì tò síwájú ilé aláago ńlá tí ó wà létí odò Thames. Èyí kò burú. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi: ta ni a ń ya fọ́tò náà fún?

Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wa ń yà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa náà ti dé ọ̀hún. Ìdí nìyí tí ilé aláago fi ń hàn ketekete, tí ojú ìyá àgbà sì ń kéré bí ẹyọ àgbàdo. Mo fara mọ́ ọn pé kí a náwó sí fọ́tò ẹbí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ni kí a yà á fún. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo ètò tí à ń ṣe yóò yí padà.

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá ti ń ya fọ́tò lókè òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, Aina, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí àwọn òyìnbó sọ ní Sarah Forbes Bonetta, àti ọkọ rẹ̀, James Davies, oníṣòwò Èkó, lọ ya fọ́tò lọ́dọ̀ Camille Silvy ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó tó nǹkan bí oṣù kan tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ní Brighton. Kí ló jẹ́ kí a dá wọn mọ̀ títí di òní? Silvy a máa kọ orúkọ àwọn tí ó bá yà sínú ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà. Àwọn ìwé náà àti fọ́tò tọkọtaya yìí ṣì wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá fi èyí wé fọ́tò inú àpótí nílé wa. "Ta nìyí?" "Ó jọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín." "Ọdún wo ni?" "Ìgbà tí wọ́n lọ sí ìlú òyìnbó ni." Ẹni tí ó mọ orúkọ ti kú, ó sì ti mú un lọ.

Àwa náà kò ṣàìní ọ̀nà tiwa. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts, lẹ́yìn tí ó ti ṣèwádìí ní ìlú bí Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ á tẹ́ rẹrẹ, gbogbo ara á sì hàn. Ó tún sọ ti ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, wọ́n á ya èyí tí ó wà láàyè, wọ́n á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Fọ́tò lójú àwọn baba wa, ibi tí ẹbí ti ń pé ni. Onífọ́tò òkè òkun kò mọ èyí. Bí a kò bá ti sọ fún un ṣáájú, yóò ní kí bàbá ẹni 80 ọdún máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín. Kí ó ya àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ya èyí tí àgbà ti jókòó láàárín, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí i ká.

Ètò tó kù ńkọ́? Àkọ́kọ́ ni àkókò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn máa ń wọ̀ kí aago 4 tó lù nínú oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹfà, ó máa ń kọjá aago 9 alẹ́. Ẹni tí ó bá gbé agbádá tàbí ìró òun bùbá sínú òtútù oṣù Kejìlá, kóòtù ni yóò bò ó mọ́lẹ̀. Inú ilé ni kí irú wọn ti yà á. Èkejì, ẹ ní kí onífọ́tò fi àwọn ènìyàn dúdú tí ó ti yà rí hàn yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀. Kámẹ́rà òde òní sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ bí a ti ń lo ìmọ́lẹ̀ ṣì lè sọ ojú wa di òru. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo ibi ni onífọ́tò tó ń gbowó lè dúró sí ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó ṣiṣẹ́ ní gbàgede Trafalgar. Ẹ bi í bóyá ó ti gbà á. Ẹ̀kẹrin ni ìwé àdéhùn. Òfin ọdún 1988 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ fọ́tò ilé fún onífọ́tò ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n má pàtẹ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ka ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ yìí sọnù.

Àwọn kan á ní fóònù ti gba gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe, àti pé owó onífọ́tò òkè òkun kì í ṣe kékeré bí a bá fi náírà ṣírò rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá ní in, kí ó má yáwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di fóònù mú kì í sí nínú fọ́tò. Bí a bá wò ó dáadáa, ìyá ọmọ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá lo fóònù, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò bá yín tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò fóònù kan tí a tẹ̀ sórí ìwé, tí a kọ orúkọ sí lẹ́yìn, sàn ju 100 fọ́tò olówó iyebíye tí ó bá fóònù lọ sómi.

Nítorí náà, bí ẹbí bá ti tòkè òkun dé, kí wọ́n tẹ fọ́tò náà, kí wọ́n kọ orúkọ, ìlú, oṣù àti ọdún sí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sílé bàbá. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ òfúurufú. Ní ìsinmi tó ń bọ̀ yìí, kí olúkúlùkù gbé àpótí fọ́tò ilé wọn síwájú àgbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran, kí ó sì mú bírò dání.