Ọpọlọ Ọmọdé Kò Lè Dúró De Ètò Ìṣúná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ló gbà pé àìsàn àgbà ni rọpárọsẹ̀. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá jí láàárọ̀ tí kò lè gbé apá ọ̀tún mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló sábà máa ń wà nídìí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà ní orílẹ̀-èdè yìí lọ́dọọdún. Bí kò bá sí ìtọ́jú tí ń dènà rẹ̀, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS ni rọpárọsẹ̀ lè kọlù kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún.

Ẹ̀rọ MRI a máa ya àwòrán ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé nínú ọpọlọ. Ó tilẹ̀ ń fi ọgbẹ́ tí kò hàn lára hàn, èyí tí ń fa ọmọ sẹ́yìn nílé-ìwé tí olùkọ́ sì ń pè é ní olódo. Ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ ni ẹ̀rọ náà sábà máa ń fi hàn.

Ẹ̀rọ Doppler ló ń sọ ohun tí ń bọ̀. Wọn a gbé e lé ẹ̀bátí ọmọ láti wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ. Bí eré náà bá tó sẹ̀ǹtímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti dé tòsí. Kò gba abẹ́rẹ́, ó ṣeé gbé káàkiri, owó rẹ̀ kò sì tó ti MRI rárá.

Ní 1998, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára déédéé ń dín rọpárọsẹ̀ kù ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Nítorí náà, àwọn dókítà ní Kano àti Kaduna, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti òkè òkun, dán oògùn hydroxyurea wò. Àbájáde tó jáde ní 2022 fi hàn pé ìwọ̀n kékeré oògùn náà tó láti dín ewu náà kù.

Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n, bí kò ṣe ìpinnu. Ní 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá, wọ́n ṣèlérí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ìṣúná fún ìlera. Ìjọba àpapọ̀ tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni olóṣèlú ń fẹ́ rà, nítorí kò sí ẹni tí ń gé rìbọ́ọ̀nù fún rọpárọsẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀.

MRI wúlò fún ọmọ tí àrùn ti kọlù, ó sì yẹ kó wà níbi tí iná àti onímọ̀ ẹ̀rọ bá wà. Ṣùgbọ́n Doppler ló yẹ kó ṣáájú, ní ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Òfin 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí ó san owó àyẹ̀wò náà àti ti oògùn rẹ̀.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Apá ọmọ tó bá ti rọ, ìlérí ọdún ìbò kò lè gbé e sókè mọ́.