Ẹ Fún Wa Ní Líìgì Sínúkà Nílé Ẹ̀kọ́ Yìí

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi kí ẹ tó kà á tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò le: ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ wa ní tábìlì sínúkà kan, kí á sì ní líìgì tí a ó máa gbá lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti gbọ́ "sínúkà", àwọn ọmọkùnrin SS2 mẹ́ta ló máa wá sí yín lọ́kàn, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní sáà tó kọjá, nítorí pé wọ́n bá wọn ní ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Tìtorí àwọn mẹ́ta yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Màmá mi ń ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì létí títì, kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ Badagry. Ṣẹ́ẹ̀dì sínúkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ wa, páànù lórí, tábìlì méjì lábẹ́. Tí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí fọ abọ́, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò rí. Mi ò wọ inú ẹ̀ rí o. Ọmọbìnrin wo ló máa wọ ibẹ̀ tí wọn ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ dé Okokomaiko?

Bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyí. Ẹni tó bá na ẹnì kejì ló máa dúró sídìí tábìlì. Ẹni tí wọ́n nà ló máa sanwó géèmù, á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bọ̀dá tó ti ń gbá a láti ọjọ́ yìí wá á dúró láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi ṣú, kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, á sanwó, á tún lọ tò sẹ́yìn èèyàn mẹ́fà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá ló ń sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ yẹn bá fẹ́ pẹ́ nídìí tábìlì, àfi kó lówó. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti sún mọ́ ọn pé, "Fi igba náírà sílẹ̀, màá fi bọ́ọ̀lù méjì jìn ẹ́." Tẹ́tẹ́ dé nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo sọ, owó tí ìyá ẹ̀ fún un kó fi ra ìwé Physics ló bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tán. Mi ò ní gbè é lẹ́yìn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣètò eré yẹn, owó ọmọ náà ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ wá wo bí àwọn tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ líìgì sínúkà kan lọ́dún 1987. Steve Davis ló kọ́kọ́ gbà á. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ ní Premier League Snooker, ó sì wà títí di ọdún 2012, tí Stuart Bingham gba ti ìgbẹ̀yìn. Ronnie O'Sullivan nìkan gbà á lẹ́ẹ̀mẹwàá! Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje sínúkà, tí wọ́n bá ti nà ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ilé yá. Líìgì ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn díẹ̀ ni wọ́n máa ń pè, àwọn yẹn á sì máa pàdé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún oṣù mélòó kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, férémù mẹ́fà ni wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kan. Kódà bí ẹnì kan bá ti fi mẹ́rin na ẹnì kejì, wọ́n á ṣì gbá méjì tó kù. Wọ́n lè ta ọ̀mì, mẹ́ta sí mẹ́ta. Láti 2005, wọ́n tún gbé aago tì wọ́n: ìṣẹ́jú àáyá 25 péré ni wọ́n fún ẹnì kan láti fi ronú kó sì gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ ò rí i pé wọn ò ní lè dúró yí tábìlì po bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù!

Èyí tó wù mí jù ni Championship League tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008. Ẹni méje-méje ni wọ́n pín sí gúrúpù. Ẹni tó bá gbégbá orókè á bọ́ sí gúrúpù àwọn tó borí, àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá á lọ sílé. Àwọn mẹ́rin tó wà láàárín ń kọ́? Wọ́n á bọ́ sínú gúrúpù tó tẹ̀ lé e, wọ́n á pàdé àwọn mẹ́ta tuntun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé tó ò bá borí, tó ò sì burú jù, o ṣì ní ọjọ́ mìíràn. Èmi ò tíì rí i kí ọmọ kankan rí ọjọ́ mìíràn ní ṣẹ́ẹ̀dì láìsanwó.

Kí ẹnikẹ́ni tó wá bá mi jà, mo mọ̀ pé ohun tí à ń pè ní sínúkà ládùúgbò wa kì í ṣe sínúkà gidi. Púùlù ni. Tábìlì sínúkà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní mẹ́fà, bọ́ọ̀lù 22 ló sì wà lórí ẹ̀: pupa 15, aláwọ̀ mẹ́fà, àti funfun kan. Tí o bá gbá pupa wọlé, wàá gbá aláwọ̀ kan, wàá tún padà sórí pupa. Ẹni tó bá ń fi dúdú tẹ̀ lé pupa kọ̀ọ̀kan, tó wá gbá gbogbo aláwọ̀ tán, máàkì 147 ló máa ní. O'Sullivan ṣe é ní Sheffield lọ́dún 1997, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò ní kí ilé ẹ̀kọ́ ra irú tábìlì yẹn; kíláàsì wo ló máa gbà á? Kékeré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní purọ́. Òfin ò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́, síbẹ̀ a mọ àwọn tó ń ta á. Tí tábìlì bá dé ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan á fẹ́ fi súìtì ṣe ọ̀pá; lọ́jọ́ kejì, súìtì á di owó. Kódà àwọn tó ń fi eré yìí jẹun ò bọ́. Ní ọdún 2023, wọ́n fìyà jẹ àwọn ọmọ China mẹ́wàá nítorí tẹ́tẹ́ àti màgòmágó nínú eré; wọ́n lé méjì nínú wọn lọ títí ayé. Zhao Xintong wà lára àwọn mẹ́wàá náà. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù 20. Nígbà tí oṣù náà pé, ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń wá àyè. Ní May 2025, òun ni ọmọ China àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé sínúkà.

Wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tó lè padà sí, tó ní rẹfirí, tó ní òfin. Àwọn mẹ́ta tiwa náà ti padà sí kíláàsì. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lónìí, níbo ni kí wọ́n lọ? Mo rí méjì nínú wọn ní ṣẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù ni o, ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú ìyà yẹn nìyẹn.

Tíṣà kan bi mí pé kí ni sínúkà máa fi kún ìwé wa, pé Scrabble dára jù. Mo fara mọ́ Scrabble. Wellington Jighere tó gba ife àgbáyé rẹ̀ ní Perth lọ́dún 2015, ọmọ Nàìjíríà ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì kì í ṣe àwọn tó ń jókòó ti Scrabble. Tíṣà Maths wa sì mọ̀ pé igun tí bọ́ọ̀lù bá fi kan etí tábìlì ló máa fi kúrò níbẹ̀. Kó wá fi hàn wá.

Bí mo ṣe rò ó rè é. Ọjọ́ Friday lẹ́yìn ìparí ilé ẹ̀kọ́, nínú hóòlù, pẹ̀lú tíṣà kan. Gúrúpù méje-méje. Ẹni tó kẹ́yìn á gbá iye férémù kan náà pẹ̀lú ẹni tó síwájú. Kò ní sí owó géèmù. Ẹni tó bá mú owó jáde, tàbí tó ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní gbá mọ́ ní sáà náà, ó di sáà tó tẹ̀ lé e. Tí aṣọ ẹ bá kan bọ́ọ̀lù, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ, bí rẹfirí ò bá tiẹ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀gá ibẹ̀ ń ṣe. Wọ́n á lẹ èsì mọ́ ara ògiri yìí ní Monday. Obìnrin náà á sì gbá. Reanne Evans, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gba ife àgbáyé àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀méjìlá, ó sì ti bá àwọn ọkùnrin náà díje. Èmi fẹ́ mọ̀ bí ọ̀pá yẹn ṣe ń rí lọ́wọ́. Láti JSS1 ni mo ti ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ abọ́ ẹ̀wà.

Ìwé tí a ń kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ oníròyìn. Orúkọ mọ́kànlá ló ti wà níbẹ̀, mẹ́rin jẹ́ obìnrin, méjì sì wà lára àwọn mẹ́ta yẹn. Àyè tíṣà ṣì ṣófo.