Ìyá Rainbow kò ti inú fóònù bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ ọjà kan ní Kétu, mo dúró ti ìyá kan tó ń ta gàrí. Mo kí i, kò dáhùn. Fóònù ló ń wò, ó gbé e ti agolo tó fi ń wọn gàrí. Ìyá Rainbow ló wà nínú fíìmù náà, ó ń fi ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí màbo. Ìyá elégàrí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo bi í níbi tó ti rí fíìmù náà. Ó ní ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló kó o sí i fún òun, fíìmù mẹ́wàá ní igba fáráǹkì.

Ọ̀rọ̀ igba fáráǹkì yẹn ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá tí à ń wò.

Idowu Philips ni orúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀bú ni, ọdún 1942 ni wọ́n bí i. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ kí eré tó gbà á pátápátá. Ọkọ rẹ̀ ti bá Hubert Ogunde ṣiṣẹ́ kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tó pè é ní Òṣùmàrè. Àwa tí wọ́n fi Faransé kọ́ níwèé lè má mọ̀ pé òṣùmàrè yẹn náà ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Rainbow. Nígbà tí ọkọ kú, ìyá yìí kò fi eré sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ti lọ díẹ̀, ẹ rántí bí eré orí ìtàgé ṣe rí. Ọkọ̀ wọn á ti dé láàárọ̀, á máa yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Tó bá di alẹ́, gbọ̀ngàn ilé ìwé á kún. Kò sí pé a ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí òṣèré bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú gbogbo ìlú ló ti gbàgbé, wọ́n á sì jẹ́ kó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá di ọ̀la, ó di ìlú mìíràn. Irú ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú lásán sọ̀rọ̀. Nígbà tí fíìmù Àjàní Ògún jáde ní 1976, tí ti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn onítàgé náà ni wọ́n lọ dúró níwájú kámẹ́rà.

Obìnrin kò tètè ráyè níbẹ̀. Ní Kétu wa, níbi tí àwọn àgbà sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn ìyá là ń fi eré náà yìn, Ìyálàṣẹ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé igi olójú obìnrin rù. Nígbà tí Ogunde dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1945, tó ń wá obìnrin tí yóò máa fi eré ṣe iṣẹ́, kò rí. Ìgbà tó kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá ni wọ́n tó yọjú. Nígbẹ̀yìn, ó fi wọ́n ṣe aya, kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sílé ọkọ. Èmi ò yìn ín fún ìyẹn o, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe le tó.

Ó ṣì le lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọbìnrin wa tó ń ṣeré níbi ìkómọ àti òkú àgbà, oúnjẹ là ń fún wọn, a ó ní Ọlọ́run á san án. Lẹ́yìn wọn, a ó máa bèèrè ẹni tí yóò fẹ́ wọn. Àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀kan bá yọ nínú fíìmù, ọmọ wa ni! Ọ̀nà kúkú wà. Ní 2006, Èkó àti Kútọnu ni Tunde Kelani ti ya Abẹ̀ní, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, Abdel Hakim Amzat, sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí igba fáráǹkì. Bàbá Sàlá yá owó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Wọ́n jí i dà kọ, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹnì kan bá jí àpò ìrẹsì yín, tó ń tà á ní ẹ̀dínwó ní ìkángun ọjà, ṣé ẹ ó pè é ní ọ̀rẹ́?

Mo sọ èyí fún ìyá elégàrí. Ó pa fóònù, ó wò mí. "Bàbá akọ̀wé, bí mo bá fẹ́ san án, níbo ni n ó ti san án?"

Mo wo ọjà yí ká, mi ò rí ibi tí mo lè nawọ́ sí. Mo ní tí àwọn ọmọ eléré bá tún wá sí ilé ìwé, kó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kó má gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé.

"Èló ni?"

"Ọ̀ọ́dúnrún fáráǹkì, ìyá."

Ó ní, "Wọn ò ní gba igba ni?"