Ẹ Má Fi Owó Ìjókòó Yín Sílẹ̀

Ní gáréèjì Kabba, èrò kì í wá lọ́yà kó tó gba ṣéńjì. Ẹni tó bá sanwó ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, tí wọ́n wá ní kó lọ há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, gbogbo gáréèjì ni yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni yìí kan náà á dé pápákọ̀ òfurufú, ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan láti Odo-Ape ń bọ̀ wálé láti Lọ́ńdọ̀nù. Orúnkún ń dà á láàmú, ọmọ rẹ̀ sì ra ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì fún un kó lè na ẹsẹ̀. Ní káúńtà, wọ́n ní iwájú ti kún, kí Màmá lọ jókòó ní ikónómì. Màmá ní, "Kò burú, Ọlọ́run á mú wa délé." Àṣẹ! Ṣùgbọ́n owó ńlá ló fi sílẹ̀ yẹn.

Òfin 261 ti ọdún 2004, tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù (EU) ṣe, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń lò títí di òní, sọ pé bí wọ́n bá rẹ ìjókòó èrò sílẹ̀ sí ìsọ̀rí tó kéré sí èyí tó rà, láàárín ọjọ́ 7 ni kí wọ́n dá lára owó rẹ̀ padà. Tí ìrìn náà bá ju 3,500 kìlómítà lọ, bíi Lọ́ńdọ̀nù sí Àbújá, ìdá 75 nínú 100 ni. Bí owó ìrìn yẹn bá jẹ́ 1,000 pọ́n-ùn, láìka owó-orí mọ́ ọn, 750 ni ti Màmá. Ọkọ̀ òfurufú yòówù tó bá gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà mú, títí kan Air Peace tó bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Gatwick ní March 30, 2024. Bí a bá ń ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀, kìkì ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti EU ló mú.

Ẹ má sì ṣe ṣírò ìdá yẹn lórí gbogbo owó àlọ àtàbọ̀. Ní June 2016, ilé-ẹjọ́ EU dájọ́ fún èrò ọkọ̀ òfurufú Emirates kan tó ń ti Düsseldorf gba Dubai lọ sí Tokyo: ibi tí wọ́n ti rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni wọn yóò fi ṣírò.

Tí òṣìṣẹ́ bá fojúure gbé yín síwájú lọ́fẹ̀ẹ́, tó tún ní kí ẹ padà sẹ́yìn, ẹ rọra padà. Ẹ̀bùn ni. Àmọ́ bí ẹ bá san àfikún, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó fi ìsọ̀rí yín hàn; òun ni ẹlẹ́rìí. Ẹ má buwọ́ lu ìwé tí ẹ kò kà. Owó ni ẹ̀tọ́ yín. Kò pọn dandan kí ẹ gba fáúṣà.

Lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ kàn. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí ìdáhùn, ẹ lè gbé e lọ bá àjọ onílàjà tí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lábẹ́ rẹ̀; bí kò bá sí lábẹ́ ìkankan, ẹ gbé e lọ bá CAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nílé níbí, NCAA, irú àjọ náà ti Nàìjíríà, ní òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ èrò láwọn pápákọ̀ ńlá.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ní kí Màmá ya boarding pass ní fọ́tò, kó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó tó fi ìwé náà di bisikíìtì tó ń kó bọ̀ fáwọn ọmọ-ọmọ.