Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Olùkọ́ Nanga

Orúkọ àwọn tí a kọ oríyìn yìí fún kò sí nínú ìwé ìtàn kankan. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n wà, nínú kominkan, ìyẹn gbọ̀ngàn aráàlú tí òfin ọdún 1949 fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kí tọmọdé tàgbà lè máa rí ibi kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan ń kọ́ oúnjẹ sísè níbẹ̀, àwọn kan ń kọrin. Nínú yàrá kan, olùkọ́ àgbàlagbà kan jókòó ti ọlọ kékeré, ó kán omi sí i, ó ń lọ tàdáwà. Nanga ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: àwòrán tàdáwà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ máa ń yà, tí wọ́n tún ń pè ní bunjinga.

Dúdú èéfín òróró tàbí ti igi páìnì ni wọ́n máa ń fi gúlúù awọ ẹran pò di tàdáwà yìí, tí wọ́n á sì mọ ọ́n bí ọ̀pá pẹlẹbẹ. Ìlú Nara ló gbajúmọ̀ jù fún un, ìgbà òtútù ni wọ́n sì ń ṣe é, torí gúlúù a máa bàjẹ́ nínú ooru. Tàdáwà ti wà nínú ìgò lóde òní, ó sì ń yá iṣẹ́, àmọ́ ẹ̀yìn àwọn olùkọ́ tó ní dandan ni ká lọ̀ ọ́ la wà. Ẹni tó sáré dé láti ibi iṣẹ́, ara rẹ̀ á ti balẹ̀ kí tàdáwà rẹ̀ tó ki.

Ọparun tàbí òdòdó orchid ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì, pẹ̀lú plum àti chrysanthemum, ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí mẹ́rin. Olùkọ́ á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ tàdáwà tó ṣàn, á fi ṣónṣó rẹ̀ kan èyí tó dúdú bí kóró iṣin, á wá tì í lọ sókè lórí bébà. Á dúró díẹ̀ níbi oríkèé, á tún tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fún oríkèé kọ̀ọ̀kan. Bébà gasen kì í gba ẹ̀bẹ̀: bó bá ti kan tàdáwà ló ti mu ún, kò sí píparẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣiyèméjì, gbogbo ayé ló máa rí i. Nígbà tó bá yà á tán lójú akẹ́kọ̀ọ́, á fún un ní àwòrán náà, èyí tí wọ́n ń pè ní tehon, pé kó lọ máa wò ó yà nílé. Bí wọ́n bá tún pàdé, akẹ́kọ̀ọ́ á kó ìdìpọ̀ ọparun wíwọ́ dé, olùkọ́ á sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Sùúrù yìí gan-an la fẹ́ yìn. Kéèyàn máa wo ọparun wíwọ́ fún ogún ọdún, kó má sì kanra, kì í ṣe ohun kékeré.

Àwọn kan ń fojú di wíwò-yà, wọ́n ní àdàkọ lásán ni. Kí wọ́n bi ìtàn léèrè. Láti àwọn ọdún 1630 ni ìjọba Tokugawa ti ka ìrìn àjò sókè òkun léèwọ̀ fáwọn ará Japan. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwòrán àwọn ọ̀mọ̀wé Ṣáínà kò lè lọ síbẹ̀ lọ kọ́ ọ. Èyí tí àwọn oníṣòwò Ṣáínà bá gbé dé Nagasaki ló máa rí, tàbí èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà Ṣáínà ní tẹ́ńpìlì Manpuku-ji, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Uji lọ́dún 1661. Ìwé ló wá ṣe bẹbẹ jù, pàápàá Ọgbà Hóró Músítádì, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní Ṣáínà lọ́dún 1679. Bí a ṣe ń ya ewé, bí a ṣe ń to òkúta jọ di òkè, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó yà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló tọ́ ìran Ike Taiga àti Yosa Buson sọ́nà. Àwòrán tí àwọn méjèèjì jọ yà lọ́dún 1771 ti di ìṣúra orílẹ̀-èdè Japan lónìí.

Ilé Taiga fúnra rẹ̀ wù wá púpọ̀. Gyokuran ìyàwó rẹ̀ wá látinú ìdílé àwọn obìnrin tó ń ta tíì ní Gion, nílùú Kyoto. Akéwì ni Yuri ìyá rẹ̀, akéwì ni Kaji ìyá àgbà rẹ̀. Taiga kọ́ ọ ní àwòrán, òun náà kọ́ Taiga ní ewì waka. Ta ni ọ̀gá, ta lọmọ iṣẹ́ nínú ilé yẹn? Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí nínú kominkan, bí ìyá àgbà kan tó gbọ́ haiku bá ń bá olùkọ́ rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó máa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán.

Lọ́dún 1882, Ernest Fenollosa, ará Amẹ́ríkà, bẹnu àtẹ́ lu bunjinga nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Tokyo, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Tomioka Tessai, ayàwòrán nanga, kú lọ́dún 1924, àwọn míì ní ó ti tán nìyẹn, pé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló kù tí ń fi ṣeré. Àwa kò gbà. Iṣẹ́ ẹni tí kì í fi í wá oúnjẹ ni wọ́n pe nanga látìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, ká sòótọ́, Taiga àti Buson tà á jẹun dáadáa. Samurai ni ayàwòrán nanga Uragami Gyokudō. Ó ń lọ sẹ́ni àádọ́ta ọdún nígbà tó fi iṣẹ́ olúwa rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1794, tó kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjì àti ohun èlò orin olókùn rẹ̀, tó sì bọ́ sọ́nà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó ya òkè oníyìnyín tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ẹni tó fẹ̀yìn tì kọ́ ló gba nanga lọ́wọ́ onínǹkan. Òun ni onínǹkan.

Àfi nǹkan kan tí a fẹ́ bá wọn sọ: àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nídìí tehon láéláé. Taiga gun òkè Fuji, ó gun Hakusan àti Tateyama, ó sì ya ohun tójú rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde.

Oríyìn tún kan àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó ń fi yàrá wọ̀nyí sílẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Iye kominkan ti ń dín kù ní Japan. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ọ̀kan pa, kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn oní-nanga wá yàrá míì, èyí tó ní ẹ̀rọ omi nítòsí, torí tàdáwà tó bá gbẹ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ìyà ńlá ni láti fọ̀.